Ìjàkadì Orí Tẹlifíṣọ̀n àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Ná Àkókò Rẹ̀

Bí Yorùbá bá sọ pé ẹni méjì ń jìjàkadì, ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé wọ́n wọ̀yá ìjà, àti pé ọ̀kan yóò fi ẹ̀yìn èkejì balẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ ti ṣubú. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìjàkadì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí yàtọ̀. Òun ni èyí tí àwọn kan fi ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Amẹ́ríkà, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ Japan, tí wọ́n ń jà lórí pèpéle tí a fi okùn yí ká, níwájú kámẹ́rà, tí àwọn tí ó gbé ìjà kalẹ̀ sì ti mọ ẹni tí yóò borí kí agogo tó dún. Kò yẹ kí a tìtorí èyí fi ojú tín-ín-rín wò ó. Ẹni tí ó ṣe ọba nínú eré Hubert Ogunde kì í ṣe ọba, síbẹ̀ àwọn ènìyàn sanwó láti wò ó. Yàtọ̀ sí èyí, ara tí ó ń lulẹ̀ lálaalẹ́ nínú ìjàkadì yìí, ara gidi ni. Egungun tí ó ń dá, egungun gidi ni.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí àwọn ètò wọ̀nyí ń gbà ná àkókò tí tẹlifíṣọ̀n fún wọn. Àkókò orí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ohun tí a ń rí he. Ẹnìkan ni ó ń san owó rẹ̀: bóyá ẹni tí ó gbé ìjà kalẹ̀, bóyá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bóyá ẹni tí ó ń polówó ọṣẹ. Òǹwòran náà ń sanwó, nítorí wákàtí tí ó fi jókòó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Oníjàkadì gan-an ni ó ń san èyí tí ó wọ́n jù, nítorí iye ọdún tí ara rẹ̀ lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ìtàn nǹkan bí 80 ọdún fi hàn pé nígbà tí àkókò kò tó ni wọ́n mọ iyì rẹ̀, àti pé nígbà tí ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe mọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu. Kámẹ́rà ìgbà náà tóbi, ó wúwo, kò sì rọrùn láti gbé kiri. Eré orí pápá ńlá ṣòro fún un, nítorí bọ́ọ̀lù kéré, pápá sì fẹ̀. Ṣùgbọ́n pèpéle ìjàkadì kò fẹ̀, iná wà lókè rẹ̀, àwọn méjì péré sì ni ó ń jà lórí rẹ̀ pẹ̀lú rẹfirí láàárín wọn. Kámẹ́rà kan tàbí méjì lè rí gbogbo rẹ̀. Kò gba òǹkọ̀wé eré, kò gba agbo olórin, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi sáré gbà á. DuMont, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, gbé ìjàkadì jáde láti gbọ̀ngàn Marigold ní ìlú Chicago láti ọdún 1949 títí di ọdún 1955.

Ní ìhà Los Angeles, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Wagner, tí àwọn òǹwòran mọ̀ sí Gorgeous George, rí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí. Ó pa irun rẹ̀ láró bíi wúrà, ó ṣe é ní ọ̀ṣọ́ bíi ti obìnrin, ó wọ agbádá olówó iyebíye, ó sì ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí ó ń fín lọ́fínńdà sí orí pèpéle kí ó tó gun orí rẹ̀. Orin ńlá ni wọ́n fi ń mú un wọlé. Nígbà mìíràn, wíwọlé rẹ̀ gùn ju ìjà rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń fi aago ka nǹkan lè sọ pé òfò ni. Òfò kọ́. Bí ó ti ń ká aṣọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni inú àwọn òǹwòran ń ru. Nígbà tí agogo bá fi máa dún, gbogbo wọn ni ó ti ń gbàdúrà kí ẹnìkan bá wọn fi ẹ̀yìn afínjú náà gbálẹ̀. Ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ní ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń débẹ̀. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn kan ti sọ ọ́ di àṣà láti máa wí pé gbogbo ìṣẹ́jú tí a kò fi jà ni a fi ṣòfò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. ITV, tí owó ìpolówó ọjà ń bọ́, ṣí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjàkadì ti wà lórí rẹ̀. Láti ọdún 1965 ni wọ́n ti fi í sínú ètò eré ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní World of Sport, ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní nǹkan bí aago 4 ni ìjàkadì máa ń bẹ̀rẹ̀, Kent Walton ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìgbà tí èsì bọ́ọ̀lù bá dé. Odi tí ẹnikẹ́ni kò lè wó ni èsì bọ́ọ̀lù yìí. Gbogbo ilé ni ó ń dúró dè é, pàápàá àwọn tí ó ti ta tẹ́tẹ́. Nítorí náà, kò tó wákàtí kan tí àwọn oníjàkadì ní, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin ìjà wọn pàápàá bá aago mu. Ìgbìmọ̀ kan tí ọ̀gágun orí omi Lord Mountevans jẹ́ olórí rẹ̀ ni ó ṣe òfin náà lẹ́yìn ogun. Wọ́n pín ìjà sí ìpele ìpele, bíi ti àwọn akànṣẹ́. Ìpele kan sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 5. Nínú ìjà tí ó bá ní láárí, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé èkejì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ni ó borí. Bí ìpele gbogbo bá tán tí kò sí ẹni tí ó borí, ọ̀mì ni, wọn yóò sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìtúmọ̀ èyí ni pé òǹwòran tí ó wà nílé mọ iye àkókò tí ó kù gẹ́gẹ́ bí àwọn oníjà ti mọ̀ ọ́n. Àkókò di ọ̀tá kẹta lórí pèpéle. Ẹni tí ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, tí ìpele kan péré sì kù fún un, kò nílò kí ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí ó tó ṣàlàyé ìṣòro rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àlàfo tí ó wà láàárín ìpele kan àti èkejì sì fún Walton láyè láti sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ kò sì ba ìjà jẹ́.

Báwo ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe wá bàjẹ́? Láti àárín àwọn ọdún 1970, Max Crabtree ni ó ń darí èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń gbé ìjà kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Shirley Crabtree, sì di ààyò àwọn ọmọdé lábẹ́ orúkọ Big Daddy. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọkùnrin náà kò mú èrò wá. Ṣùgbọ́n ọdún 1930 ni wọ́n bí i, ó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, kò sì lè jà pẹ́. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọn yóò so ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ ìjà pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dọ́ náà ni yóò máa jẹ ìyà, Big Daddy yóò wá wọlé lẹ́yìn, yóò fi ikùn gbá ènìyàn kan tàbí méjì, ìjà yóò parí. Nígbà tí òun àti Giant Haystacks pàdé ní Wembley ní oṣù kẹfà ọdún 1981, ìjà tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún polówó rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú 3. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní ẹ̀bùn rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Dynamite Kid ti kọjá sí Kánádà láti ọdún 1978, Davey Boy Smith sì tẹ̀ lé e. World of Sport parí ní ọdún 1985. Wọ́n ń gbé àkókò ìjàkadì kiri bí ẹrù tí kò ní olówó, títí ITV fi pa á rẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 1988.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ rántí ohun kan nílé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé Yorùbá ń rìn láti ìlú dé ìlú, ọkọ̀ wọn a máa yí ìgboro ká lọ́sàn-án pẹ̀lú gbohùngbohùn, àwọn ọmọdé a sì máa sáré tẹ̀ lé e. Orin díẹ̀, àwàdà díẹ̀, orúkọ eré, orúkọ gbọ̀ngàn, aago tí yóò bẹ̀rẹ̀: ó parí. Kò sí ọ̀gá eré tí yóò ṣe eré rẹ̀ tán lórí ọkọ̀ náà. Bákan náà ni tẹlifíṣọ̀n ṣe rí fún àwọn agbègbè ìjàkadì Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1950 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Olúkúlùkù agbègbè ni ó ní ètò tirẹ̀ ní ibùdó tẹlifíṣọ̀n àdúgbò. Ọkọ̀ tí ń polówó ni ètò yìí. Ìjà gidi wà ní gbọ̀ngàn, níbi tí a ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Memphis ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni WMC-TV fi ń gbé ìjàkadì sáfẹ́fẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, Lance Russell sì jókòó ti tábìlì pẹ̀lú Dave Brown, ẹni tí ó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí fún ibùdó kan náà. Ohun gbogbo tí ó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ajé ní gbọ̀ngàn Mid-South Coliseum ni ó ń tọ́ka sí. Ní ọdún 1982, Andy Kaufman, aláwàdà tí kì í ṣe oníjàkadì rárá, fi fọ́tò alárìn kan ránṣẹ́, nínú èyí tí ó ti ń kọ́ àwọn ará Memphis bí a ti ń fi ọṣẹ wẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìlú gbóná. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún náà, Jerry Lawler, akọni ìlú, gbá orí Kaufman mọ́lẹ̀ ní Coliseum, ìròyìn rẹ̀ sì tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà. A kò lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ra ohun tí ó pọ̀ ju èyí lọ. Bill Watts náà, tí ó ń gba ètò tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Shreveport, lo wákàtí kan rẹ̀ bí ẹni ń sọ ìtàn: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni ó bí ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Àkókò fúnra rẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ted Turner, ẹni tí ó ni TBS ní Atlanta, máa ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ètò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn aago, kí orúkọ wọn lè dá dúró nínú ìwé ètò tẹlifíṣọ̀n. Aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 5 ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ti ìjàkadì àwọn ará Georgia. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1984, àwọn òǹwòran tan tẹlifíṣọ̀n wọn, wọn kò rí àwọn tí wọ́n mọ̀. Vince McMahon, ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ WWF ní New York, ti ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Georgia, ó sì gba àkókò náà pẹ̀lú rẹ̀. Dípò ìjà tí wọ́n ń jà ní inú ibùdó níṣojú èrò kékeré tí ń pariwo, èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní ibòmíràn ni ó ń fi hàn wọ́n. Ìbínú àwọn òǹwòran pọ̀. Wọ́n fi tẹlifóònù da ibùdó láàmú. McMahon ní àkókò, kò ní ohun tí àwọn ará Gúúsù fẹ́ fi àkókò náà wò. Ní ọdún 1985 ó ta á fún Jim Crockett ní mílíọ̀nù kan dọ́là.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé McMahon kò mọ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1988, ó fi wákàtí kan péré lórí NBC fi Hulk Hogan àti Andre the Giant hàn ní alẹ́, mílíọ̀nù 33 ènìyàn sì wò ó ní Amẹ́ríkà. Kò sí ìjàkadì tí irú èrò bẹ́ẹ̀ tíì wò lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ láti ìgbà náà. Wákàtí kan ni.

Ohun tí ó yí gbogbo nǹkan padà ni ìjà ọjọ́ Ajé. WWF bẹ̀rẹ̀ Raw ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1993, wákàtí kan. Ẹgbẹ́ WCW, tí Turner ti rà, gbé Nitro kò ó lójú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, wákàtí kan náà ni. Ìgbà tí àwọn méjèèjì ń du òǹwòran kan náà ní alẹ́ kan náà, wákàtí bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Nitro di wákàtí 2 ní ọdún 1996. Raw di wákàtí 2 ní ọdún 1997. Nitro tún di wákàtí 3 ní oṣù kìíní ọdún 1998, oṣù kan náà tí WCW tún bẹ̀rẹ̀ Thunder, ètò wákàtí 2 mìíràn, ní ọjọ́bọ̀. Wákàtí 5 lọ́sẹ̀! Ọkọ̀ tí ń polówó eré ti di gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀. Kò sí ibi tí ó ń tọ́ka sí mọ́ àyàfi ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ẹni tí ó ní wákàtí 5 láti kún gbọ́dọ̀ ná ohun tí ó fi pamọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1998, WCW gbé Goldberg, ẹni tí kò tíì ṣubú rí, pàdé Hogan ní Georgia Dome, níwájú èrò tí ó lé ní 40,000. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n fi polówó rẹ̀. Ìjà tí wọn ìbá fi oṣù mẹ́ta tọ́jú, kí àwọn ènìyàn tó sanwó pàtàkì láti wò ó nílé, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí kí wọ́n lè borí Raw ní alẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n sì borí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n ṣe ètò àsanwó-wò kan tí wọn kò ṣọ́ aago rẹ̀. Àkókò tí wọ́n rà parí kí ìjà tí ó gbẹ̀yìn tó parí, àwòrán sì kú mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ó sanwó lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ní láti fi ìjà náà hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Nitro. Ìtìjú ńlá ni fún ẹgbẹ́ tí ó ní wákàtí tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1999 ni ó wá fi gbogbo rẹ̀ hàn kedere. WCW mọ̀ pé wọ́n ti gba Raw ọjọ́ náà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, àti pé Mick Foley ni yóò gba bẹ́líìtì. Wọ́n ní kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn tú àṣírí náà, kí ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kàkà kí àwọn òǹwòran jókòó, ọ̀pọ̀ wọn yí sí Raw lójú ẹsẹ̀ láti lọ wo Foley. Àwọn tí ó dúró rí i tí Hogan fi ìka kan ṣoṣo ti Kevin Nash láyà, tí Nash sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń dúró de ìjà náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, Nitro padà sí wákàtí 2, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, McMahon ra WCW.

Ènìyàn ìbá rò pé ẹni tí ó ra ilé tí ó wó yóò wo ohun tí ó wó o. Ní oṣù keje ọdún 2012, Raw náà di wákàtí 3, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 12. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń rí wákàtí ìpolówó kan sí i, ẹgbẹ́ tí ó ti ń jẹ́ WWE láti ọdún 2002 sì ń gba owó sí i. Kí ni wọ́n fi kún un? Wọ́n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kìíní hàn ní wákàtí kejì, wọ́n tún fi í hàn ní wákàtí kẹta. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 4 láti sọ yóò fi ìṣẹ́jú 15 sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò. Ẹni méjì tí ó jà lọ́sẹ̀ tí ó kọjá yóò tún jà lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tí ó ṣubú yóò wá borí, a kò sì mọ ẹni tí ó lágbára nínú àwọn méjèèjì mọ́.

Síbẹ̀ náà, nínú wákàtí 3 yìí, kò sí àyè fún àwọn kan. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2015, obìnrin mẹ́rin jáde láti jà, méjì sí méjì. Ìjà náà parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti kọ́ iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rìnrìn àjò dé ibẹ̀, wọ́n ti múra. Kí òǹwòran tó gbé omi mu, wọ́n ti padà sẹ́yìn aṣọ. Àwọn òǹwòran fi ẹ̀hónú wọn hàn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ pé kí wọ́n fún àwọn obìnrin láyè. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ní NXT, ètò kékeré tí ó jẹ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n fún Bayley àti Sasha Banks ní ìṣẹ́jú 30 gbáko nínú àkànṣe ètò kan, pé ẹni tí ó bá borí ní iye ìgbà tí ó pọ̀ jù kí aago tó lù ni ó ni bẹ́líìtì. Àwọn tí ó wò ó kò gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn obìnrin ni ó ja ìjà àṣekágbá ní WrestleMania. Agbára àwọn obìnrin náà kò yí padà láàárín ọdún mẹ́rin. Aago ni ó yí padà.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní WrestleMania ọdún 2019 kan náà, Kofi Kingston, tí a bí ní Ghana, gba bẹ́líìtì tí ó ga jù lẹ́yìn ọdún 11 tí ó ti ń hàn lórí ètò ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kẹwàá, ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí SmackDown dé orí Fox, wọ́n gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó 10. Ìṣẹ́gun oṣù mẹ́fà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò pé! Bí ìjà kúkúrú bá ní ibi tí ó ń lọ, kò burú. Kúkúrú ni ìjà Goldberg náà, òun ni ó sì sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ṣùgbọ́n wọn kò padà tọ́jú ọgbẹ́ Kingston. Ó lọ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀.

Tolulope Omogbehin ńkọ́, ọmọ bíbí Èkó, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 3, tí wọ́n ń pè ní Omos? Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni ó ti ń dúró lẹ́yìn AJ Styles lórí Raw gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni kò fi ja ìjà kankan. Ó kàn ń dúró ni, ó ń wo àwọn ènìyàn láti òkè. Ìgbà tí ó kọ́kọ́ jà ni WrestleMania oṣù kẹrin ọdún 2021, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá pàdé sì ni Kingston. Àwọn kan lè bínú pé wọ́n fi ọmọ wa ṣe òpó. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí Raw fi wákàtí 3 rẹ̀ ṣe ní ọdún náà, èyí wà lára àwọn tí ó mọ́gbọ́n wá. Dídúró rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kankan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ojoojúmọ́ ni òǹwòran sì ń bi ara rẹ̀ pé, bí ọ̀gbẹ́ni yìí bá fọwọ́ kan ènìyàn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Gorgeous George ìbá mọ irú ọgbọ́n yìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà, èyí tí kò ṣeé sá fún. Àṣà Amẹ́ríkà ni pé kí wọ́n lọ sí ìpolówó láàárín ìjà, kí òǹwòran padà wá bá ẹni tí ó ti ń borí lórí ilẹ̀. AEW, tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, máa ń fi ìjà hàn ní igun kan nígbà tí ìpolówó bá ń lọ; ó sàn díẹ̀. Ní ọdún 2019, WWE gbìyànjú láti má jà nígbà ìpolówó, wọ́n sì sọ ọ̀pọ̀ ìjà di èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mejì, kí ìpolówó lè bọ́ sí àárín. Kò pẹ́ tí ó fi sú àwọn ènìyàn, nítorí ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣubú kí wọ́n tó lè polówó ọṣẹ. Ìṣubú wá di ohun yẹpẹrẹ. Ìpele àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní àléébù yìí. Bí ìṣẹ́jú 5 bá pé, agogo yóò dún, ẹni tí ó ṣubú àti ẹni tí kò ṣubú yóò lọ jókòó ní igun wọn. Àyè ìpolówó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Pé àwọn òǹwòran òde òní kò ní sùúrù fún ìjà gígùn kì í sì í ṣe òótọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, AEW fi Bryan Danielson àti Kenny Omega ṣíde ètò wọn ní New York. Ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì jà á tán; agogo dún, ọ̀mì ni. Ìdajì gbọ̀ngàn wà lórí ìdúró. Wọ́n kéde iye àkókò ṣáájú, wọ́n ń ránni létí rẹ̀, wọ́n sì mú ìlérí náà ṣẹ. Ohun tí Walton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní aago 4 ọjọ́ Àbámẹ́ta kò yàtọ̀ sí èyí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Raw padà sí wákàtí 2 fún oṣù mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ lórí USA Network. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2025, ó kó lọ sí Netflix, níbi tí kò sí ètò mìíràn tí ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò lé e kúrò bí aago bá lù. Kò sí èsì bọ́ọ̀lù níbẹ̀.